Ṣeun Adigun Kì í Ṣe Atoeegun

Àṣìṣe kan wà tó ti di àgbọ́túngbọ́ láàárín wa, pé chiropractor òyìnbó kò ju atoeegun tiwa lọ, àfi pé ó wọ aṣọ funfun. Ẹni tó bá ti rí i lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti na ènìyàn sórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tó dún kàù, ohun tó máa tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ṣebí iṣẹ́ bàbá lágbájá nìyẹn." Bí orúkọ Ṣeun Adigun bá wá wọ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ Yorùbá tó wa ọkọ̀ orí yìnyín fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì tó sì tún kọ́ iṣẹ́ chiropractor, àṣìṣe ọ̀hún á wá gba ọ̀ṣọ́ sára: wọ́n á ní ọmọ wa ló gba ìlú òyìnbó lọ kọ́ iṣẹ́ baba ńlá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí Ṣeun kọ́, ibi tí kò sí eegun kankan tó dá ló ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ atoeegun, ibi tí eegun ti dá gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ wá ìbátan atoeegun nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ eegun ni ká lọ, àwọn dókítà irú ti ilé ìwòsàn eegun Igbóbì ní Èkó, kì í ṣe ọ̀dọ̀ chiropractor. Ẹ má sì rò pé àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ lọ bá ẹni tó mọ ẹ̀yìn tẹ̀, àti ẹni tó gbé ẹ̀yìn tó kàn ń ro ó lọ bá ẹni tó máa ní òun fẹ́ dá eegun padà sáyè rẹ̀, àwọn méjèèjì lè gbé àrùn tí wọn kò gbé lọ padà wálé.

Ìlú tó yẹ ká ti wo ọ̀rọ̀ yìí ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, nítorí pé àwọn tó ń fi ara jẹun pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé tí ogun lé kúrò nílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló wá tẹ̀ ẹ́ dó nítòsí Ìlobùú. Ìdílé Àyàn tó ń lùlù àti ìdílé Ọ̀jẹ̀ tó ń gbé eégún ló sọ ọ́ di ìlú tí ayé mọ̀. Láti ibẹ̀ ni Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun ti gbé bàtá àti dùndún dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Debra Klein, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, gbé ìwé jáde lórí àwọn oníbàtá ní 2007, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ló fi ṣe ibùdó ìwádìí rẹ̀. Ẹ bi onílù tó ti ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká láti kékeré bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn ríro. Yóò ní kí ẹ jókòó ná.

Ẹ tún wo ọmọ Ọ̀jẹ̀ tó ń ta òkìtì níwájú eégún, tó ń tẹ ara sẹ́yìn títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìgísẹ̀. Àwọn òǹwòran á ní kò léegun lára. Àwọn tó fẹ́ fi hàn pé àwọn mọ àṣírí á ní àgbo ni wọ́n fi rọ eegun rẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́. Ìdí àṣìṣe wa gan-an wà níbẹ̀ yẹn. Bí ọmọ náà bá dàgbà tán, eegun 206 ló máa wà lára rẹ̀, bó ṣe wà lára ẹni tó jókòó tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, líle wọn kò sì yàtọ̀. Ohun tó rọ̀ lára rẹ̀ ni iṣan tó so oríkèé pọ̀ àti ẹran tó yí i ká, tí wọ́n ti ń nà láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mélòó kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ bá oríkèé tó rọ̀ wáyé látọ̀dọ̀ ìyá tàbí baba wọn, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Eegun ní tirẹ̀ kì í rọ̀. Tí ó bá rọ̀, àìsàn ni, ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ní lè ta òkìtì.

Ẹni tó bá ti gbà pé eegun ń rọ̀, yóò gbà pé ó ń rìn. Ẹni tó gbà pé ó ń rìn yóò gbà pé ẹ̀yìn tó ń dunni, eegun ló kúrò níbẹ̀, àti pé ariwo kàù yẹn ni ti eegun tó ń padà sílé. Láti inú èrò yìí ni a ti wá so chiropractor àti atoeegun pọ̀.

Ká tó dé orí ariwo yẹn, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Chicago ni wọ́n bí Ṣeun Adigun sí ní 1987, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Eré ìje 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà kọjá ló fi gba orúkọ. Ó gba wúrà Áfíríkà ní Nairobi ní 2010, ó sì sáré fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London ní 2012. Lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ sórí yìnyín. Bobsleigh ni wọ́n ń pe eré náà: ènìyàn méjì á ti ọkọ̀ onírin kan sáré, wọ́n á fò sínú rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ òkè lójú ọ̀nà yìnyín pẹ̀lú ìyára tó lè kọjá 120 kìlómítà ní wákàtí kan. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí, ìwúwo ara ènìyàn á di ìlọ́po mélòó kan, ọrùn àti ẹ̀yìn ló sì ń gbé e. Ṣeun kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ti ọkọ̀. Ní 2016 ló pinnu láti dá ti Nàìjíríà sílẹ̀. Texas kò ní òkè yìnyín, nítorí náà pákó ló fi kan ọkọ̀ ìdánrawò sínú gáréèjì ní Houston, ó sọ ọ́ ní Maeflower, òun pẹ̀lú Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga sì ń tì í kiri. Wọ́n bẹ ará ayé fún 75,000 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí i. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ní PyeongChang ní Gúúsù Kòríà, àwọn ni ẹgbẹ́ bobsleigh àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà ní Òlíḿpíìkì. Ìkẹyìn ni wọ́n ṣe nínú ogún ọkọ̀. N kò rí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó fi pákó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa irin, tó wà á délẹ̀ láìdojú dé, ó ti ṣe bẹbẹ.

Láàárín gbogbo kìràkìtà yìí ló ń lọ sí Texas Chiropractic College ní Pasadena, tòsí Houston. Àṣìṣe kékeré kan fara pamọ́ síbí. Àwọn kan rò pé nítorí pé ara rẹ̀ ti rí ìyà lórí pápá ló ṣe mọ ìtọ́jú ara, bí ẹni pé ìpalára ni ilé ìwé rẹ̀. Ara tí iṣan rẹ̀ ti já rí mọ ìrora, kò mọ orúkọ iṣan. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2005 fún ẹ̀kọ́ chiropractic, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ, pẹ̀lú ó kéré tán 4,200 wákàtí lọ́dọ̀ olùkọ́: bí ara ṣe rí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ka fọ́tò ẹ́sírè, àti ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ní èrò tèmi, bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

Ẹgbẹ́ Ṣeun kan wà lórí yìnyín tó yẹ ká dárúkọ, nítorí pé òun gan-an ló bá atoeegun tan. Debi Thomas ni. Ijó orí yìnyín ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi bàtà onírin jó. Ní 1986 ló gba ipò kìíní lágbàáyé. Ní 1988, ní Calgary ní Kánádà, ó gba bàbà, ó sì di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Àwọn oníjó yìí ń fò sókè, wọ́n ń yí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó balẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń balẹ̀, pẹ̀lú agbára tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́jọ ìwúwo ara wọn. Debi parí ẹ̀kọ́ ní Stanford ní 1991, ó gba oyè dókítà ní Northwestern ní 1997, ó sì di oníṣẹ́ abẹ eegun. Eegun àti oríkèé ni ó ń tọ́jú nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wá atoeegun láàárín àwọn ọmọbìnrin dúdú tó ti orí yìnyín bọ́ sídìí ìṣègùn, Debi Thomas ló yẹ kó tọ́ka sí, kì í ṣe Ṣeun Adigun.

Níbo wá ni iṣẹ́ Ṣeun ti ṣẹ̀? Ní Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel David Palmer, ọmọ Kánádà tí kò kàwé dókítà. Ìtàn tó sọ fún ayé ni pé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án 1895, òun fọwọ́ kan Harvey Lillard, ọkùnrin dúdú tó ń tún ilé tí ṣọ́ọ̀bù Palmer wà ṣe, tí etí rẹ̀ ti di fún ọdún púpọ̀. Palmer ní òun rí eegun ẹ̀yìn kan tó ti yẹ̀, òun tì í padà sáyè rẹ̀, etí Lillard sì là. Láti orí èyí ló ti wá kéde pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ kúrò láyè ló ń fa àìsàn 95 nínú 100. Ó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1897. Ní 1906 wọ́n tì í mọ́lé torí pé ó ń ṣe ìṣègùn láìgbàwé àṣẹ.

Ẹ kíyè sí i pé àṣìṣe tí à ń ṣe nípa chiropractic, ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é. Iṣan tó ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ, inú agbárí ló bẹ̀rẹ̀ sí, inú agbárí ló parí sí. Kò gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá rárá. Ẹni tó bá ti gbogbo eegun ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí, kò ní kan iṣan yẹn. Títí di òní, àwọn chiropractor kan ṣì ń bẹ tí wọ́n ń tẹ̀lé Palmer, tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè fi ẹ̀yìn títẹ̀ wo ikọ́ fée tàbí àìsàn etí ọmọdé. Ẹ̀rí kò sí fún un. Àwọn tó fi ojú ìmọ̀ ṣe iṣẹ́ náà ti fi ọ̀rọ̀ Palmer sílẹ̀ sínú ìwé ìtàn, ìrora ẹ̀yìn, ọrùn àti oríkèé ni wọ́n gbájú mọ́.

Ó wá ku ariwo yẹn. Ohun tó ń dún kàù tí a bá fa ìka tàbí tí a bá tẹ ẹ̀yìn, kì í ṣe eegun tó kan eegun, kì í ṣe eegun tó padà síbi tó ti kúrò. Omi kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí funfun ẹyin wà nínú oríkèé, tó ń jẹ́ kó yọ̀. Afẹ́fẹ́ ti yọ́ sínú omi náà. Tí a bá fa oríkèé lójijì, àyè tó wà láàárín eegun méjèèjì á fẹ̀, agbára tó ń tẹ omi náà á dínkù, afẹ́fẹ́ á sì ya jáde di ihò kékeré kan. Ìgbà yẹn ló ń dún. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí rẹ̀ ní 1971, wọ́n rí i pé oríkèé tó ti dún kò ní dún mọ́ títí tó fi tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àfi ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá tún yọ́ padà sínú omi. Ní 2015, Yunifásítì Alberta ní Kánádà gbé ìka chiropractor kan sínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n fà á títí ó fi dún, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ yẹn hàn kedere bí ìka náà ti ń dún. Eegun wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bó bá jẹ́ pé eegun tó yẹ̀ ló padà, kí ló dé tó tún lè dún lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú? Ṣé ó tún ti yẹ̀ ni? Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí àwọn ọmọ wa ń ṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣé gbogbo wọn ló ń yẹ̀ láràárọ̀? Eegun tó yẹ̀ ní oríkèé lóòótọ́, ẹ kò ní wá ariwo kí ẹ tó mọ̀. Èjìká á yí padà, ọwọ́ kò ní ṣeé gbé, onítọ̀hún á sì máa ké. Irú èyí, chiropractor kò gbọdọ̀ kàn án. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Kí wá ni ọwọ́ chiropractor ń ṣe, tí ara fi ń fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀? Oríkèé tó le, tí kò yí dáadáa mọ́, ló ń tì ní kíákíá níwọ̀nba. Ẹran tó ti fún yí i ká á tú, ọpọlọ á sì dín ìrora tó ń gbọ́ látibẹ̀ kù fún ìgbà díẹ̀. Á wá kọ́ onítọ̀hún ní eré ìdárayá tó máa fún ẹ̀yìn lágbára, ìyẹn gan-an sì lèrè rẹ̀ ń pẹ́. Kò sí idán níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé ènìyàn mílíọ̀nù 619 ló ní ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ní 2020, ó sì gbé ìlànà jáde ní òpin 2023 fún èyí tó ti pẹ́ lára, tó fi ẹ̀yìn títẹ̀ sí ara ohun tí wọ́n lè lò, pẹ̀lú eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́. Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ wà, kò pọ̀ ju ti àwọn ìtọ́jú mìíràn lọ. Ẹni tó bá ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń tajà ni.

Ìhà tó kù díẹ̀ káàtó ni ti ọrùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì gba inú ihò eegun ọrùn lọ sínú ọpọlọ. Fífa ọrùn lójijì lè ya ara iṣan náà, kí ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀, kí ó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Chiropractor tó kàwé mọ àmì tó yẹ kó wò kó tó fọwọ́ kan ọrùn ẹnikẹ́ni. Onígbàjámọ̀ tó fá orí tán tó wá di àgbọ̀n oníbàárà mú, tó yí i gbọ̀ọ́, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ dá a lọ́wọ́ kọ́. Owó irun nìkan ni kí ẹ san.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ atoeegun, nítorí pé àtúnṣe yìí kò wá láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Bìrìtéènì, àwọn atoeegun wà kí ilé ìwòsàn eegun tó wà. Ìdílé kan ní erékùsù Anglesey ní Wales ń to eegun láti ìran dé ìran, gẹ́gẹ́ bí ìdílé Àyàn ṣe ń lùlù. Evan Thomas, ọ̀kan nínú ọmọ ìdílé náà, kó lọ sí Liverpool, àwọn dókítà ibẹ̀ sì ń pè é lẹ́jọ́ lemọ́lemọ́. Ìgbà tó sú u, ó rán àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún lọ kọ́ ìṣègùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Hugh Owen Thomas, tó gbáyé láti 1834 sí 1891. Ó gbé ọgbọ́n ilé wọn wọ inú ìmọ̀ dókítà: kí eegun tó dá sinmi, kí ó sinmi pẹ́, kí ohun kankan má sì ṣí i nípò. Ó ṣe irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń di itan mú gbọọrọ, tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Ọmọ ìbátan ìyàwó rẹ̀, Robert Jones, ló gbé irin náà lọ sójú Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn ọmọ ogun tí eegun itan wọn dá lójú ogun ló ń kú. Nígbà tí irin Thomas délé dóko, iye náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 20. Àwọn ilé ìwòsàn wa ní Nàìjíríà ṣì ń lò ó. Ilé ìwòsàn eegun Igbóbì ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àrọ́mọdọ́mọ iṣẹ́ yẹn ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìbátan atoeegun ni oníṣẹ́ abẹ eegun. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń fa eegun tó dá títí yóò fi tọ́, wọ́n ń dì í kó má ṣí, wọ́n sì ń dúró de ara láti so ó pọ̀. Atoeegun wa mọ fífà, ó mọ dídì pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ àti aṣọ, ó sì sún mọ́ ilé. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú lójú ọ̀nà Ìlobùú sí Òṣogbo, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù gígé ẹsẹ̀ ló ń bà á nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ atoeegun ló máa ní kí wọ́n gbé òun lọ. Eegun apá tó dá tí kò kúrò nípò púpọ̀ sì ń jinná lọ́wọ́ wọn dáadáa. A kò gbọdọ̀ jiyàn èyí.

Ohun tí wọn kò ní ni ẹ́sírè láti fi rí inú, àti ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ tó dá máa ń wú láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ìdè bá ti le kó tó wú, wíwú náà kò ní ríbi lọ, yóò tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé fún nǹkan bíi wákàtí 6 á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé gígé ẹsẹ̀ tí aláìsàn sá fún nílé ìwòsàn, òun náà ló padà wá bá nílé ìwòsàn yẹn, nígbà tí ẹsẹ̀ ti dúdú. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ léraléra pé ìdè atoeegun wà lára ohun tó ń fa gígé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jù, pàápàá lára ọmọdé. Eegun tó bá gún awọ yọ síta tún burú jù, nítorí pé ipá àti ìkẹ̀ ló ń tẹ̀lé e.

Ti adìẹ náà ń kọ́? A mọ̀ pé àwọn kan á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n á dì í bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn, ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni wọ́n á ní kí aláìsàn rìn. Ọgbọ́n ni, torí pé ẹni tó kọ́kọ́ rò ó ń wá ohun tó máa fi ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n eegun adìẹ ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, itan àgbàlagbà sì ń gbà tó oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tó bá bá adìẹ dìde, eegun rẹ̀ lè wọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn wá báyìí ni ta ni kí onílù tí ẹ̀yìn ń ro ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tọ̀ lọ. Chiropractor kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Durban àti Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà ni yunifásítì ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tó sì súnmọ́ wa, ni físíò. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn láti 1966, òfin 1988 sì ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN ní Òṣogbo, ìrìn tí kò jìnnà. Òkìtì tó fa ẹran itan ya, èjìká tí okùn ìlù ti jẹ, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ gbé e lọ.

Àwọn ẹ̀yìn ríro kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀, ì báà jẹ́ físíò, chiropractor tàbí bàbá àgbà. Èyí tó bá ibà wá, tí onítọ̀hún sì ń rù, lè jẹ́ ikọ́ ife tó ti wọ inú eegun ẹ̀yìn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú lè jẹ́ pé eegun ti dá. Ti arúgbó tí eegun rẹ̀ ti gbẹ lè ṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́. Bí ìdí bá kú, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò sì gbọ́ràn mọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kó má di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Sí ẹ̀yin atoeegun Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ máa béèrè fọ́tò ẹ́sírè kí ẹ tó fọwọ́ kan eegun. Ẹ má gba ẹni tí eegun rẹ̀ yọ síta. Ẹ fi ìka ẹsẹ̀ tàbí ti ọwọ́ sílẹ̀ níta ìdè kí ojú lè rí i, ẹ sì máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ó bá tutù, bí ó bá funfun tàbí tó dúdú, bí kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sí Òṣogbo.